Ẹ̀yìn ni Wọ́n Fi Ń Lọ

Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ.
N kò tètè mọ̀.
Mo ti jó irin mọ́ irin fún ọjọ́ mọ́kànlá
kí n tó bi Ayédùn pé, "Ibo lẹ óò kọjú sí?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí a ti ń bọ̀, Bàbá Wẹ́dà.
Ibi tí à ń lọ wà lẹ́yìn wa."

Mo yí ìjókòó padà.

Ní Èjìbà, omi tí wọ́n sé mọ́ odò Kámpẹ́ fẹ̀ kọjá ibi tí ojú mọ.
Àwọn apẹja dá àwọ̀n dúró, wọ́n ń wòran:
ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí pòpórò ọkà bàbà,
àjẹ̀ mẹ́rin, ènìyàn méjì,
ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò dá sí ọ̀rọ̀ náà.
Tírélà símẹ́ńtì ló gba ti Ìbítóyè
lọ́nà Kàbbà, lọ́jọ́ tó ń gbé iṣu lọ fún àna rẹ̀.
Ayédùn kò rántí ìgbà tí tirẹ̀ dúró rí;
ó ní ibà kan ni, ó wá, ó lọ, ó mú wọn dání.

Ìjà wọn pọ̀.
"O ti yára jù!" "Ìwọ lò ń sùn!"
Wọ́n á fi àjẹ̀ na omi bí ẹni ń na ọmọ aláìgbọràn,
ọkọ̀ á máa yí bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀.
Oṣù mẹ́rin gbáko, kí èémí méjì tó di ọ̀kan.
N kò sọ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn o.
Mo ní wọ́n ń mí pọ̀.

Okun là ń kí ara wa nílẹ̀ yìí:
ilẹ̀ mọ́, okun; oòrùn kàn, okun;
a bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, okun.
Àlejò á gbọ́, á rò pé òkun là ń pè,
àwa tí a kò rí òkun rí.
Okùn ni mo fi dè wọ́n mọ́ ìjókòó,
bẹ́líìtì tí mo tú lára tírélà ògbólógbòó,
mo rán an lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi eyín fà á wò.
Okun, okùn, òkun:
wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, wọ́n wọ bàálù.

Wọ́n dé ọ̀hún. Àwọn aláṣẹ fi tépù wọn ìjókòó mi,
wọ́n ní ó fi ìbú ìka kan ga ju òfin lọ.
Wọ́n yá wọn ní oníke.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òkèlè kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.
Àmọ́ bẹ́líìtì yege.

Lọ́jọ́ ìdíje, fóònù kan, orí mẹ́rìndínlógún.
Ìyá Ìbítóyè jókòó lórí sílíńdà òfìfo,
kò wo fóònù, ẹnu wa ló ń wò.
Ọkọ̀ mẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún méjì mítà.
Eré yìí le: ẹni tó ṣíwájú ló ń rí gbogbo ènìyàn;
ẹni tó kẹ́yìn, omi nìkan ló ń rí,
omi, àti ọ̀nà ilé.

Ní ìdajì, omi nìkan ni wọ́n ń rí.
Lẹ́yìn náà imú ọkọ̀ kan yọ lójú wọn.
A pariwo. Ìyá dìde.
Àjẹ̀ gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́:
nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.
Ayédùn dúró bẹ́ẹ̀ nínú fóònù, ẹnu ní yíyà,
ìka mi lórí rẹ̀, mò ń nù ún bí ẹni ń nu eruku.

Ilẹ̀ ti ṣú kí ohùn rẹ̀ tó wọlé.
Kò kí wa. Ó ń mí sókè sódò síbẹ̀.
"Bàbá Wẹ́dà, ọkọ̀ méjì la rí."

Mo ka ìka mi. Ipò kẹrin.
Mo gbé ìjókòó àkọ́kọ́ tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ wá sójú iná.
Mo wá ayùn irin.
Ìbú ìka kan péré ni.